Alùpùpù àtijọ́: fọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì, ìdúró àti táyà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Arìnnà-Jìnnà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa máṣíìnì àtijọ́. Honda CB750 K ti ọdún 1976 ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní wàhálà kankan, àmọ́ ìrìn rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn. Tí mo bá tẹ bíréèkì, iwájú á rì wọlẹ̀; tí mo bá ń ya kọ́nà pẹ̀lú eré, ẹ̀yìn á máa jó sọ́tùn-ún sósì. Ìdúró rẹ̀ náà ò wù mí: ẹ̀yìn jókòó sílẹ̀, iwájú gbórí sókè. Mo fẹ́ kí iwájú wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹ̀yìn gbéra, kí n sì fi táyà tó fẹ̀ sẹ́yìn, 130 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà 3.25-19 (fífẹ̀ táyà àti gíga rímù rẹ̀, ní ínṣì) ló wà níwájú, 4.00-18 ló wà lẹ́yìn, lórí rímù onísípóòkì tó bá a wá. Tèmi ti aṣọ ìgùn àti akoto, mo tó kílò 85. Ṣé ṣọ́ọ̀kì ni kí n kọ́kọ́ rà ni, àbí táyà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ọ̀gá Sípánà

Àbúrò, fi owó rẹ sápò ná. Máṣíìnì tó ti dàgbà tó báyìí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń jó, ṣọ́ọ̀kì kọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Búùṣì inú swingarm (apá irin tó di táyà ẹ̀yìn mú) ni, lẹ́yìn náà béárìn orí fọ́ọ̀kì (ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú), lẹ́yìn náà béárìn táyà méjèèjì. Bí ìwọ̀nyí bá dẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tó dára jù lọ láyé ò lè ràn ọ́ lọ́wọ́.

Gbé e sórí sitáǹdì àárín, kí o fi jáàkì gbé iwájú títí táyà ò fi ní kanlẹ̀ mọ́. Fi ìka kan ṣoṣo ti ọwọ́ máṣíìnì, ibi tí a fi ń darí rẹ̀, láti òsì lọ sọ́tùn-ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Geere ló yẹ kó máa lọ. Tó bá dé àárín tó wá há díẹ̀ kó tó kọjá, àwọn bọ́ọ̀lù irin inú béárìn ti gbẹ́ ojú ibi tí wọ́n jókòó sí. Máṣíìnì bẹ́ẹ̀ á máa wọ́ lójú ọ̀nà tààrà, á sì máa tàsé nínú kọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn, lóṣòó níwájú rẹ̀, di ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì mú nísàlẹ̀, tì í síwá, fà á sẹ́yìn. Bó bá dún “kọ́”, tàbí tí ọwọ́ rẹ mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń mì, ó ti dẹ̀.

Ti ẹ̀yìn: kí ẹnì kan bá ọ di férémù mú, kí ìwọ di swingarm mú lẹ́bàá táyà, kí o tì í sọ́tùn-ún sósì. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì ìgbà yẹn, búùṣì ike ni wọ́n fi síbẹ̀. Idẹ ni àwa máa ń fi rọ́pò rẹ̀, a ó sì fi gíríìsì kún un. Fi sípánà kékeré kan sípóòkì lọ́kọ̀ọ̀kan bí o ṣe ń yí táyà: èyí tó dúró dáadáa á dún gooro, èyí tó dẹ̀ á dún bọ́tọ́.

Béárìn orí tó bá ti gbẹ́, má wulẹ̀ tún fún un mọ́ ara wọn. Pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ní rólà dípò bọ́ọ̀lù. Tí o bá sì ń dè é, má dè é pa. Bí o bá ti ọwọ́ máṣíìnì díẹ̀ kúrò ní àárín, kó fúnra rẹ̀ ṣubú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Onífọ́ọ̀kì

Ohun tí Ọ̀gá sọ yẹn ni ìpìlẹ̀. Tí ìyẹn bá ti yanjú, ó kan fọ́ọ̀kì, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́ torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ná ìnákúnàá.

Fọ́ọ̀kì ayé ìgbà náà kò ṣòro lóye. Páìpù ni, sípíríǹgì wà nínú rẹ̀, ọ̀pá kan tí wọ́n lu ihò sí lára wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì sì kún un dé ìwọ̀n kan. Bí fọ́ọ̀kì ṣe ń wọlé tó ń jáde, ọ́ìlì ń gba inú ihò yẹn kọjá, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí sípíríǹgì máa ta bó ṣe wù ú. Àléébù rẹ̀ rèé: tí fọ́ọ̀kì bá ń wọlé jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí o tẹ bíréèkì, ọ́ìlì á yọ́ kọjá láìsí ìdíwọ́ gidi, iwájú á rì. Tí táyà bá wá já sí kòtò lójijì, ọ́ìlì ò ní ráyè kọjá mọ́, fọ́ọ̀kì á le gbagidi, ọwọ́ rẹ á sì gbà á. Bí eré tó fi ń wọlé bá di ìlọ́po méjì, ìdíwọ́ ọ́ìlì á di bíi ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí dída ọ́ìlì tó ki sí i kì í fi í tán ìṣòro. Rírì á dín kù díẹ̀, kòtò á wá máa gbá ọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, tú u. Da ọ́ìlì àtijọ́ nù, fọ inú rẹ̀, pààrọ̀ síìlì. Wo ojú páìpù níbi tí síìlì ti ń lọ tó ń bọ̀, fi eékánná rìn ín: bí eékánná bá kọ́ ihò ìpata níbẹ̀, páìpù náà á gé síìlì tuntun láìpẹ́. Yí i lórí gíláàsì tó tẹ́jú. Tó bá ti tẹ̀, wàá rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń yí.

Ọ́ìlì: nọ́ńbà tó wà níwájú W lára agolo kì í ṣe òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo ilé iṣẹ́. 10W ẹni kan lè ṣàn ju 10W ẹlòmíràn lọ. Ohun tó ṣe é fi wé ara ni iye cSt (òṣùwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó) ní 40°C, ó sábà máa ń wà nínú ìwé ọ́ìlì náà. Bákan náà, rí i pé ó dọ́gba nínú ẹsẹ̀ méjèèjì. Mo máa ń wọn ọ́n láti ẹnu páìpù wá sí ojú ọ́ìlì, nígbà tí sípíríǹgì ti jáde tí fọ́ọ̀kì sì ti wọlé tán. Bí ojú ọ́ìlì bá ga sí i, afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ á kéré, ìparí ìrìn fọ́ọ̀kì á sì le sí i. Bí ó bá ń lu ìdí nígbà bíréèkì líle, fi 10 mm gbé ojú ọ́ìlì sókè ná kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ní ti sípíríǹgì, ó dájú pé tìrẹ ti kúrú. Wọn gígùn rẹ̀, fi wé ohun tí ìwé àtúnṣe máṣíìnì sọ. Èmi ò ní bá ọ tún èyí tó ti rẹ̀ lò. Ra tuntun tí ìwọ̀n líle rẹ̀ bá kílò 85 rẹ mu. Tí owó bá kù, fálífù kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní emulator, orí ọ̀pá oníhò yẹn ló ń jókòó sí. A ó mú ihò ọ̀pá tóbi kó má dí ọ́ìlì lọ́wọ́ mọ́, kí fálífù wá máa ṣe iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí tí wọ́n fi sínú fọ́ọ̀kì àtijọ́, kò sí èyí tó yí ìrìn padà tó o.

Arìnnà-Jìnnà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹnì kan sọ fún mi pé kí n gé páìpù ike sórí sípíríǹgì kó lè fún un mọ́lẹ̀, pé á le sí i. Ṣé òótọ́ ni?

Onífọ́ọ̀kì

Rárá o. Ohun tó máa ṣe ni pé á gbé iwájú sókè. Sípíríǹgì tó nílò kílò kan láti wọlé ní mìlímítà kan, kílò kan náà ló máa gbà, bí o ti wù kí o fún un tó. Páìpù ike yẹn wúlò, àmọ́ ibi tí máṣíìnì máa dúró sí nínú ìrìn fọ́ọ̀kì ni a fi ń tún ṣe.

Bí a ṣe ń mọ ibẹ̀ rèé, ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ kan lẹ ó jọ ṣe é. Gbé iwájú kúrò nílẹ̀ pátápátá kí fọ́ọ̀kì na tán, wọn ojú páìpù tó ń dán láti síìlì dé abẹ́ yoke ìsàlẹ̀ (yoke ni irin tó so ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀), kọ ọ́ sílẹ̀. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, gun orí rẹ̀ pẹ̀lú akoto àti gbogbo aṣọ ìgùn, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ibi ìtẹ̀sẹ̀ bí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe di máṣíìnì mú. Kí ó tẹ iwájú mọ́lẹ̀, kó jẹ́ kó rọra gòkè padà, kó wọn ọ́n. Kó wá fà á sókè, kó jẹ́ kó rọra wálẹ̀, kó tún wọn ọ́n. Nọ́ńbà méjèèjì ò ní dọ́gba nítorí síìlì ń fa páìpù. Mú àárín wọn. Yọ ọ́ kúrò lára nọ́ńbà àkọ́kọ́, ohun tó kù ni iye tí máṣíìnì fi rì lábẹ́ rẹ.

Fún ojú títì, ìdá 30 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ìrìn fọ́ọ̀kì ni a ń wá. Ká ní ìrìn rẹ̀ jẹ́ 140 mm, 42 sí 49 mm nìyẹn. Lẹ́yìn, ìdá 25 sí 33 máa ń tó, ọ̀nà kan náà la ó gbà wọn ọ́n, láti orí ásùlù dé ojú kan lára férémù tó wà lókè rẹ̀ gan-an.

Ohun tó wá jẹ́ àdììtú rẹ̀ ni pé, tí o bá ti rí nọ́ńbà yẹn tán, sọ̀ kalẹ̀, wo bó ṣe rì nígbà tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Tí kò bá rì rárá, sípíríǹgì rọ̀ jù, o kàn fún un mọ́lẹ̀ jù ni. Tó bá ṣì rì púpọ̀, sípíríǹgì le jù fún ọ.

Ayàwòrán-Irin

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìdúró, torí mo gbà pé ẹwà náà ṣe pàtàkì. Máṣíìnì tí ìdúró rẹ̀ bá gún, ojú á mọ̀ láti òkèèrè.

Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń yí. Ẹ fojú inú fa ìlà gba àárín béárìn orí kọjá tààrà títí dé ilẹ̀. Iwájú ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ ni ìlà yẹn máa bọ́ sí, àlàfo àárín wọn ni à ń pè ní trail. Òun ló ń fa táyà iwájú padà sí ọ̀nà tààrà. Tí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè tàbí tí ẹ bá sọ iwájú kalẹ̀, fọ́ọ̀kì á nàró sí i, trail á kúrú, máṣíìnì á máa yà kíákíá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ dùn, torí àwọn máṣíìnì yẹn ń lọ́ra láti yà. Tó bá pọ̀ jù, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí eré. Lára máṣíìnì tí àárín táyà rẹ̀ méjèèjì jẹ́ bíi 1,450 mm, gbígbé ẹ̀yìn sókè ní 25 mm máa ń mú fọ́ọ̀kì nàró sí i ní dígírì kan, trail á sì dín ní bíi 6 sí 7 mm.

Tèmi ni pé: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tó gùn ju ti àtijọ́ ní 10 sí 20 mm sí i, kí ẹ fi iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ gùn ún. Ẹ̀yìn tó jókòó sílẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì tó ti kú ló fà á, tuntun tí gígùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sì lè tó. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ kí iwájú wálẹ̀, ẹ tú bóòtì yoke, ẹ jẹ́ kí páìpù fọ́ọ̀kì yọrí sókè ní 5 mm, ẹ gùn ún, kí ẹ tó fi 5 mm mìíràn kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ sípíríǹgì, ẹ ti fọ́ọ̀kì wọlé tán pátápátá pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ wò ó bóyá mọ́ọ̀gáàdì tàbí táyà máa kan yoke ìsàlẹ̀. Ẹ má fi àyẹ̀wò yìí sílẹ̀. Tó bá kàn án lójú títì lórí eré, táyà iwájú lè dúró gbọin.

Ohun mẹ́ta mìíràn tó máa ń yí padà tí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè: ṣéènì lè máa fi ara họ orí swingarm, sitáǹdì ẹ̀gbẹ́ á kúrú jù tí máṣíìnì á fi dagun púpọ̀, sitáǹdì àárín ò sì ní lè gbé táyà kúrò nílẹ̀ mọ́.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Ṣé a ò lè gé sípíríǹgì fọ́ọ̀kì láti sọ iwájú kalẹ̀? Mo rí i tí wọ́n ń ṣe é.

Ọ̀gá Sípánà

Tí o bá gé ìyípo sípíríǹgì kan nínú mẹ́wàá, èyí tó kù á le ní bíi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún, torí sípíríǹgì kúkúrú le ju gígùn lọ. Nítorí náà ó ṣeé ṣe, tí a bá ṣírò rẹ̀, tí a sì fi páìpù dí àlàfo tó ṣẹ́ kù. Àmọ́ iná ò gbọdọ̀ kàn án. Àwọn tó ń fi iná mú sípíríǹgì kó lè wálẹ̀ ti pa á. Agbára irin náà ti lọ. Ìjọra rẹ̀ ni yíyọ ṣọ́ọ̀kì kúrò kí wọ́n fi ọ̀pá irin gbọọrọ dípò rẹ̀ nítorí ìdúró. Férémù yẹn kò gba irú ìyà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ẹni tó ń gùn ún náà ò gbà á. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe é.

Ìyálóde Táyà

Arìnnà-Jìnnà, 130 tí o fẹ́ yẹn, gbàgbé rẹ̀ lórí rímù tó wà lọ́wọ́ rẹ. Rímù ẹ̀yìn CB750 K fẹ̀ ní 2.15 ínṣì, ti iwájú 1.85. Tí o bá fi táyà tó fẹ̀ sórí rímù tóóró, rímù á fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pọ̀, àárín rẹ̀ á yọ góńgó. Ibi tó ń kan ilẹ̀ á wá kéré ju ti táyà tóóró tó bá rímù mu lọ, bó bá sì di pé kí o yà, á ṣubú wọ kọ́nà lójijì. Ó lè tún máa họ swingarm tàbí ṣéènì. Ohun tó sún mọ́ 4.00-18 jù ni 110/90-18 (fífẹ̀ 110 mm, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, rímù 18 ínṣì). Níwájú, 100/90-19 ni, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ jù fún rímù 1.85; tí o bá fẹ́ kó máa yà wẹ́rẹ́, wá 3.25-19 tuntun tí wọ́n fi rọ́bà òde òní ṣe. Ilé iṣẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé tó sọ ìwọ̀n rímù tí táyà wọn gbà, ìwé yẹn ni kí o tẹ̀ lé.

Kí o tó sanwó, ka ẹ̀gbẹ́ táyà. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà níbẹ̀, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin ní ìparí: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣe é ṣáájú ọdún 2000, má tiẹ̀ gbé e. Táyà máṣíìnì àtijọ́ máa ń pẹ́ nílé ìtajà, ojú rẹ̀ á jinlẹ̀ dáadáa, rọ́bà rẹ̀ á sì ti gan. Lẹ́yìn náà wo nọ́ńbà àti lẹ́tà, bíi 57H: 57 ni kílò 230 tí táyà náà lè gbé, H ni eré 210 km/h. S jẹ́ 180, V jẹ́ 240. Má lọ sísàlẹ̀ ohun tí máṣíìnì rẹ béèrè.

Rímù onísípóòkì bíi tìrẹ, túùbù ló ń lò, kódà bí táyà bá kọ tubeless (tí kò nílò túùbù) sára. Ra túùbù tuntun àti rọ́bà ìbòrí sípóòkì tuntun nígbà kan náà. Má fi táyà radial (èyí tí okùn inú rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì tààrà) síwájú kí o fi èyí tí kì í ṣe radial sẹ́yìn. Ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí táyà ń yí sí. Afẹ́fẹ́, nígbà tí táyà tutù ni a ń wọn ọ́n. Táyà tuntun ń yọ̀, fi nǹkan bíi 160 km àkọ́kọ́ gùn ún pẹ̀lẹ́, máa dagun sí i díẹ̀díẹ̀.

Adámọ̀-Ìgbàanì

Ẹ̀yin ìyá wa, táyà oníbúlọ́ọ̀kù ti ayé àtijọ́ ńkọ́, èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ? Kò sí ohun tó bá máṣíìnì bẹ́ẹ̀ mu tó o lójú mi. Èmi kì í sáré.

Ìyálóde Táyà

Mo mọ̀ pé ó rẹwà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Táyà tí orí rẹ̀ bá tẹ́, igun rẹ̀ ni o máa fi gun kọ́nà, bíréèkì lójú títì tó rin sì nílò rọ́bà tó kan ilẹ̀ dáadáa, àní ní 50 km/h. Onírúurú táyà wà tí ìlà rẹ̀ jọ ti àtijọ́ tí orí rẹ̀ sì rí roboto, tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ tòde òní. Tí ẹ bá rí irú rẹ̀ ní ìwọ̀n yín, ẹ ti rí ẹwà àti ààbò pọ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rímù 17 ínṣì? Ibẹ̀ ni táyà tó dára jù wà.

Ayàwòrán-Irin

Òótọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn gbáà nìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. 100/90-19 ga ní nǹkan bíi 663 mm láti ilẹ̀ dé orí, 120/70-17 ga ní 600. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn, bíi 31 mm, ni iwájú máa fi wálẹ̀, láì tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀kì. Tí ẹ̀yìn kò bá wálẹ̀ bákan náà, gbogbo ohun tí mo sọ nípa trail á ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì àti èéfín á sún mọ́ ilẹ̀, bíréèkì àti yoke lè gba pípààrọ̀. Tí okùn géèjì eré bá sì ń ti ara táyà iwájú wá, á máa pa irọ́: tó bá kọ 100, bíi 90 ni ẹ ń sá. Ẹni tó bá ní àkókò àti ẹni tó mọ iṣẹ́ rímù dáadáa, kó ṣe é. Arìnnà-Jìnnà ò nílò rẹ̀ fún ohun tó béèrè.

Arìnnà-Jìnnà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ti ṣe àyẹ̀wò Ọ̀gá. Ọwọ́ há ní àárín lóòótọ́, swingarm sì ń mì débi pé ojú ń rí i. Síìlì fọ́ọ̀kì òsì ti ń jò. Mo fi táyà 130 sílẹ̀, 110/90-18 ni mo máa rà. Nígbà tí mo bá ń tú u, ṣé kí n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, béárìn, búùṣì, sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, táyà?

Ọ̀gá Sípánà

Béárìn, búùṣì, síìlì àti ọ́ìlì, ṣe wọ́n pọ̀, torí àtúnṣe lásán nìyẹn, táyà náà lè bá wọn lọ. Lẹ́yìn náà gùn ún kí o mọ bó ṣe rí. Sípíríǹgì ló kàn, ṣọ́ọ̀kì tẹ̀ lé e, kí o lè mọ èyí tó ṣe kí ni. So okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń di wáyà, mọ́ páìpù fọ́ọ̀kì kan, tì í wá sórí síìlì kí o tó jáde. Ibi tó bá dúró sí nígbà tí o bá dé ni ibi tí fọ́ọ̀kì wọlé dé. Kó ku bíi 10 mm kó tó lu ìdí lẹ́yìn bíréèkì líle; tí ó bá ku 40, sípíríǹgì le jù tàbí ọ́ìlì pọ̀ jù.

Onífọ́ọ̀kì

Kí o tó tú fọ́ọ̀kì, wọn iye tó fi ń rì báyìí, iwájú àti ẹ̀yìn, ìwọ lórí rẹ̀ àti láìsí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀. Kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbí, pẹ̀lú gígùn ṣọ́ọ̀kì láti àárín ojú bóòtì òkè dé ti ìsàlẹ̀, ká jọ wò ó kí o tó ra sípíríǹgì.